Nígbà Tí A Gbé Ẹ̀gbọ́n Mi Bọ̀ Láti Tẹ́mà

Orí fóònù Màámi ni ìròyìn náà gbà wọlé, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ da gbogbo nǹkan rú. Nínú ẹbí wa, a kì í ju ọ̀rọ̀ ikú ọmọ sí etí ìyá bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ni wọ́n máa ń lọ bá a, tí wọ́n á máa rọra tú u sílẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀, títí ọkàn rẹ̀ á fi débẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí fóònù ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Tẹ́mà, ní ilẹ̀ Gánà, kò mọ̀ wá rí. Nọ́ńbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè gbẹ̀yìn ló tẹ̀, ti ìyá wa sì ni. Ó fi Pijin sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin tó wà, àti pé kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti kú. Kò sí ohun tí kò yé Màámi níbẹ̀. Ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ní Ṣàngó Ọ̀tà ló ti ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, Pijin kò ṣòro fún un.

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, mo bá a níwájú ilé wa ní Ojú Ore, ó jókòó, ó gbé fóònù sórí itan. Ó sọ fún mi bí ó ṣe gbọ́ ọ gan-an, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wá ké. Mi ò gbọ́ irú igbe yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà nígbà tí bàbá wa kú. Èmi náà sunkún. Àwa méjì péré ló bí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti èmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, olórí ẹbí wa, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, kó àwọn àgbà mìíràn lẹ́yìn wá sí ilé wa. Èmi ni mo ti pè é láti sọ fún un, mo sì ti ṣàlàyé pé Màámi ti gbọ́. Kò kà á sí. Wọ́n jókòó, wọ́n gba omi mu, wọ́n bi Màámi bó ṣe sùn. Bàbá béèrè bóyá ọmọ ti pè láti Gánà. Ó ní àwọn gbọ́ pé ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le. Nígbà tó yá, ó ní àìsàn náà tún ga sí i. Màámi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń dáhùn pé "Ẹ ṣé, Bàbá," "Mo ń gbọ́, Bàbá," títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ó wá bú sẹ́kún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Inú bí mi. Lójú tèmi, eré ni wọ́n ń ṣe, mi ò sì rí ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ la ọ̀nà tó ti rìn já.

"Iṣẹ́ wọn ni," ó ní. "Ṣé kí n wá gbà á lọ́wọ́ wọn ni? Ọmọ tiwọn náà ló kú."

Ìjà gan-an bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ibi tí wọ́n máa sin ín sí. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn yóò gbọ́ ìnáwó ìsìnkú, ìbáà jẹ́ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ nílé. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí wọ́n sin ín sí Tẹ́mà kí ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní òkú ọ̀fọ̀ ni. Bí ọmọ bá kú tí òbí rẹ̀ ṣì wà láyé, wàràwàrà ni wọ́n ń sin ín, kò sí ayẹyẹ, kò sí ìlù, òbí náà kì í sì í débẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kó mọ ojú sàréè náà títí òun pàápàá yóò fi lọ. Kí wá ni a fẹ́ fi ìrìn àjò gígùn bẹ́ẹ̀ ṣe? Màámi ní ọmọ òun kò ní dùbúlẹ̀ sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ bàbá tó bí i. Bàbá rò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì gbà. Ó ní kí wọ́n gbé e wálé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí wa ní Àlápòtì ni ọkọ̀ máa gbé e lọ tààrà. Kò gbọ́dọ̀ ya Ojú Ore, ìyá rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ rí i.

Màámi kúnlẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, eékún rẹ̀ kò sì dáa mọ́, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, mi ò béèrè sàréè," ó ní. "Ibi yòówù tí ẹ bá sin ín sí, mi ò ní bi yín. Mi ò ní bi ọmọbìnrin mi yìí náà. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ojú ọmọ yẹn."

"Ìyàwó, dìde," Bàbá ní. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. "Ohun tó máa gbé ọ lọ ni o ń béèrè yìí. Mi ò lè sin ọmọ tán kí n tún wá máa sin ìyá."

Ó dìde. Mo bínú sí Bàbá lọ́jọ́ náà, àmọ́ mi ò lè pè é ní ìkà. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan kú lójú rẹ̀ nígbà tí mo ṣì kéré. Ó jókòó sílé bí wọ́n ṣe ní kó jókòó, àwọn àbúrò rẹ̀ lọ sin ọmọ náà, kò sì mọ ibẹ̀ títí di òní. Òfin tó ń kà fún Màámi, òun fúnra rẹ̀ ti jìyà rẹ̀ rí.

Èmi ni wọ́n rán lọ, nítorí èmi nìkan ni mo ní pásípọ́ọ̀tù nínú àwọn tó lè lọ. Mo ti gbà á tipẹ́ nítorí pé mo fẹ́ lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ọdọọdún ni mo ń sọ pé mò ń bọ̀, ọdọọdún náà ni ilé iṣẹ́ ike tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ń rí nǹkan mìíràn fún mi ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù yẹn nìyí.

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló wá pàdé mi ní Tẹ́mà, àwọn ọkùnrin tí iná irin ti jó lápá. Wọ́n ṣe dáadáa sí mi. Wọ́n mú mi lọ sí mọ́ṣúárì, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n wọlé lọ wò ó kí n lè fọwọ́ sí i pé òun ni. Láti ìgbà tí ìròyìn ti dé, nǹkan kan wà nínú mi tó ń sọ pé àṣìṣe ni, pé ẹlòmíràn ló di fóònù rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ, mo rí i. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ojú rẹ̀ balẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀ bó ṣe máa ń rí bó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo sunkún, lẹ́yìn náà mo rí i pé ohun tó ń jà nínú mi ti dákẹ́. Ó ti kú lóòótọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Bàbá ṣì í. Ohun tí Màámi ń béèrè kì í pa ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n má fi ọ̀rọ̀ ìwé dá yín lágara. Ìwé kan ń bí òmíràn ni. Ti dókítà, ti ọlọ́pàá, ti àwọn tó fi oògùn sí i lára kó má bàjẹ́, ti ọ́fíìsì ìjọba tiwa ní olú-ìlú wọn. Ní ibì kan, ọ̀dọ́bìnrin kan ní kí n lọ, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú tábìlì rẹ̀, mo ní mò ń dúró de ọ̀sẹ̀ náà níbẹ̀. Ó wò mí, ó sì wá ẹni tó máa fọwọ́ sí i.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kan pósí ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ṣàlàyé fún mi pé òkú tó bá fẹ́ kọjá ibodè, inú pósí tí wọ́n fi páànù tẹ́ nínú ló máa wà. Wọ́n á fi òjé jó páànù náà pa yíká, kí afẹ́fẹ́ má lè jáde. Ìjọba á wá lu òǹtẹ̀ lé e. Láti ibẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí i mọ́, ó di inú ilẹ̀. Mo dúró, mò ń wo páànù náà. Ó béèrè bóyá kí òun gé ojú fèrèsé kékeré sí ibi tí ojú òkú máa wà, kí òun fi gíláàsì tó nípọn dí i, kí òun sì fi ìlẹ̀kùn pákó bò ó lórí. Ó ní àwọn kan ń fẹ́ ẹ, àwọn kan kì í fẹ́ ẹ.

Mo mọ ohun tí Bàbá máa sọ bí mo bá pè é. Nítorí náà, mi ò pè é. Mo ní kí ó fi gíláàsì sí i.

Awakọ̀ tó gbé wa jẹ́ ará Àjàṣẹ́ ní òdìkejì ibodè tiwa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, gbígbé òkú lọ gbígbé òkú bọ̀. Ó ń sọ Yorùbá tó dà bíi ti àwọn àgbà Ọ̀tà létí mi. Nígbà tí a ń sún mọ́ ibodè Tógò, ó dín eré kù.

"Àǹtí, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ o," ó ní.

Mo ní àwọn wo.

"Ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ sọ ibi tí a dé fún wọn. A fẹ́ kúrò nílẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Bí ẹ ò bá sọ fún wọn, wọ́n lè dúró sẹ́yìn."

Ojú tì mí. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, mi ò sì mọ ohùn tí ènìyàn ń fi bá pósí sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo yíjú sẹ́yìn, mo ní, "Bọ̀dá mi, a ti ń kúrò ní Gánà o. Tógò la fẹ́ wọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ." Awakọ̀ mi orí, ó tẹ̀síwájú. Nígbà tí a dé ibodè kejì, ojú kò tì mí mọ́. Mo sọ ibi tí a dé, mo sì fi ẹjọ́ kún un. Mo bi í ìdí tó fi jẹ́ pé gbogbo Kérésì ló ń sọ pé òun ń bọ̀ tí kò sì wá. Mo sọ fún un pé Màámi ṣì ń pa yàrá rẹ̀ mọ́, pé kò gbà kí ayálégbé kankan wọ̀ ọ́. Mo sunkún, mo sì bá a jà, bí a ṣe máa ń ṣe lórí fóònù.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ibodè náà, aṣọ́bodè kan ní àfi kí a ṣí pósí. Ó ní àwọn kan ti ń fi pósí kó ẹrù òfin kọjá. Awakọ̀ fi òǹtẹ̀ hàn án, ó fi ìwé hàn án, ọkùnrin náà ń mi orí pé rárá. Mo bọ́ sílẹ̀, mo lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, mo ṣí ìlẹ̀kùn pákó kékeré náà fún un. Ó tẹ orí wo inú gíláàsì. Ó dìde, ó ṣí fìlà, ó sì fi ọwọ́ júwe ọ̀nà fún wa. Mo dúpẹ́ pé mo ní kí wọ́n gé ojú fèrèsé yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí aṣọ́bodè ni mo ṣe ní kí wọ́n gé e.

Nígbà tí a wọ Ìdírokò, mo pe Bàbá. Ó ní àwọn máa dúró dè wá ní oríta Àtàn kí àwọn lè ṣáájú ọkọ̀ lọ sí Àlápòtì. Mo ní ó dáa, Bàbá. Mo wá pe Màámi. Mi ò bá a sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo kàn ní, "Màámi, oríta Àtàn la máa gbà." Ó ní òun gbọ́, ó sì pa fóònù.

Kí àwọn àgbà tó débẹ̀, ó ti débẹ̀. Ọ̀kadà ló gùn láti Ojú Ore, obìnrin tí kì í gun ọ̀kadà, ó sì jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹni tó ń lẹ táyà, ó fi gèlè gbàjá. Nígbà tí ọkọ̀ wa dúró, Bàbá ti wà níwájú rẹ̀.

"Ìyàwó, ta ló mú ọ wá síbí?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, Bàbá."

Bàbá kọjú sí mi. Mo kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Gíláàsì wà lójú pósí náà. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi sí i. Ẹ jẹ́ kí Màámi wò ó." Mi ò purọ́, mi ò sì bẹ̀bẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti pinnu pé bó bá kọ̀, èmi ni màá fọwọ́ mi ṣí i, ká jọ di ọ̀tá.

Kò kọ̀, kò sì gbà. Ó wo Màámi, ó wo ọkọ̀. Ó wá yí ẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí ojú ọ̀nà níbi tí àwọn tírélà ti ń lọ, ó sì pàṣẹ fún àwọn àgbà yòókù pé kí wọ́n kọjú síbẹ̀. Wọ́n tò bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn.

Mo ran Màámi lọ́wọ́ gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo ṣí ìlẹ̀kùn pákó náà. A ò rí nǹkan kan. Ooru ọ̀nà ti mú kí gíláàsì láàágùn, ó funfun bí èéfín. Màámi tú gèlè rẹ̀, ó fi nù ún, kò lọ. Inú ni omi náà wà, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò lè dé.  Gbogbo ọ̀nà tí a ti rìn bọ̀, ẹ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo ní fún un nìyẹn, ó sì dí. Mo fẹ́ bú sẹ́kún.

Màámi kò sunkún. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé gíláàsì náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bó ṣe máa ń fi ọwọ́ kan wá níwájú orí nígbà tí ibà bá mú wa. Ó gbé wọn kúrò, ó wò ó, ó tún gbé wọn padà. Nígbà tí ọwọ́ kò tó, ó tẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé e, ó dì í mú bẹ́ẹ̀, ó di ojú. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Àwọn ọkọ̀ ń fun fèrè lẹ́yìn wa. Nígbà tó gbé orí sókè, gíláàsì ti gbóná, omi náà sì ti ń yọ́ kúrò láti àárín. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ la kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà imú rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹnu rẹ̀ tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Wọ́n fá irùngbọ̀n rẹ̀," Màámi ní.

Ó fi oríkì rẹ̀ pè é, lóhùn tó fi máa ń jí i fún ilé ìwé. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, kò sì pè é mọ́. Ó ń wò ó ṣáá. Nígbà tó tó o, òun fúnra rẹ̀ ló ti ìlẹ̀kùn pákó náà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn Bàbá.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ máa gbé e lọ."

Bàbá kò yíjú padà. "Èmi ò rí nǹkan kan, ìyàwó," ó ní. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́, mo rí i pé omijé ti rin agbádá rẹ̀ láyà.

A sin ín ní ọ̀sán náà ní Àlápòtì, àwọn ọkùnrin ẹbí àti èmi. Pásítọ̀ gbàdúrà ní ṣókí, kò sẹ́ni tó kọrin. Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Màámi wà nínú ilé ìdáná, ó ti se ọbẹ̀, ó bu oúnjẹ fún mi, ó jókòó tì mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ ẹbí ni a ti ń bọ̀. Ojú ibi tí ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ sí gan-an ni kò gbọ́dọ̀ mọ̀, ó sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní béèrè. Mo ń retí pé kó béèrè. Bó bá béèrè, màá sọ fún un, kí ẹbí ṣe mí bí wọ́n bá ṣe fẹ́.

Ó bu omi sí ife fún mi, ó wá ní, "Oòrùn ò ní máa pa á níbẹ̀, àbí?"

"Rárá o, Màámi," mo ní. "Igi wà níbẹ̀. Igi ńlá ni, igi..."

Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Má dárúkọ igi náà," ó ní. "Gbogbo igi tó wà lórí ilẹ̀ yẹn ni mo mọ̀."